Oògùn Ìpẹtà

Ohun tí ó kọ́kọ́ da orí Túbọ̀sún Ògúntádé rú ni orúkọ oògùn náà. Ó rò pé orúkọ obìnrin ni.

"Àǹtí ta ni?" ó bi Teslim.

"Áńtí-ọ́sídáǹtì, ọ̀gá mi."

"Àǹtí Ọ́sídáǹtì. Ará ibo ni obìnrin náà? Ṣé òun ló ń ṣe oògùn ọ̀hún?"

Teslim rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Inú ṣọ́ọ̀bù Túbọ̀sún ní Ládìpọ̀ ni wọ́n wà, láàárín àwọn rédíétọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n tò láti ilẹ̀ dé òkè àjà. Teslim kì í ṣe àlejò lọ́jà yẹn. Ó ti ta báńpà ọkọ̀ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kí ó tó gbé báàgì dúdú kọ́ èjìká, tí ó ń ti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù ta oògùn inú ike aláwọ̀ ewé. Kò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó ń tà ni òun náà ń gbé mì láràárọ̀, ìyàwó rẹ̀ ń gbé e mì, ìyá rẹ̀ tó wà ní Ìjẹ̀bú ń gbé e mì.

"Kì í ṣe ènìyàn, ọ̀gá mi," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lọ́nà tó máa yé yín. Rédíétọ̀ yìí, bí wọ́n bá ń da omi lásán sínú ẹ̀, kí ló máa ń ṣe?"

"Á dípẹtà."

"Ẹ ò rí nǹkan! Ara ènìyàn náà ń dípẹtà. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí, oúnjẹ tí à ń jẹ, wàhálà Èkó yìí, gbogbo ẹ̀ ló ń mú inú wa dípẹtà. Ìpẹtà yẹn ló ń fa ṣúgà. Òun ló ń mú ojú ṣú. Òun ló ń mú àtẹ́lẹsẹ̀ ta bí ìgbà tí ìjàlọ bá ń jẹ ènìyàn. Áńtí-ọ́sídáǹtì ni oògùn tó ń pa ìpẹtà."

Láti ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ní Túbọ̀sún ní àtọ̀gbẹ, kò sí ẹni tí ó tíì fi ohun tí ó mọ̀ ṣàlàyé àìsàn náà fún un. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn ikùn rẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ mọ́. Ẹ̀yà ara wo? Ó béèrè, wọ́n sì ya nǹkan kan sórí ìwé fún un, tó dà bí ẹja tí wọ́n ti gé orí rẹ̀. Ó wo ẹja náà títí, ojú ń tì í láti béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n ìpẹtà! Ta ló mọ ìpẹtà ju Túbọ̀ Rédíétọ̀ lọ láti Ládìpọ̀ dé Òṣòdì?

Ó ra ike méjì. Nígbà tí ó délé rẹ̀ ní Mushin lálẹ́ ọjọ́ náà, ó kó gbogbo oògùn ilé ìwòsàn sínú dúrọ́ọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì tì í. Kò sọ fún Mabel ìyàwó rẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fi pamọ́ fún un. Lójú tirẹ̀, kò sí ohun tó yí padà: oògùn ni ó ń lò tẹ́lẹ̀, oògùn náà ni ó ń lò báyìí.

Ẹni kan wà tí ì bá là á yé e lọ́jọ́ kan. Jael àbúrò rẹ̀ ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kí ó tó fẹ̀yìn tì, ilé rẹ̀ sì wà ní Ìdí-Àràbà, ibi tí kẹ̀kẹ́ Márúwá kì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kó tó dé láti ilé Túbọ̀sún. Ṣùgbọ́n Túbọ̀sún kò bá Jael sọ̀rọ̀. Ó ti di ọdún kẹfà.

Ọjọ́ ìsìnkú bàbá wọn nílùú Iléṣà ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Túbọ̀sún ni àkọ́bí, òun ni wọ́n sì ní kí ó ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òótọ́ ni pé kíláàsì karùn-ún ni ó ti kúrò nílé ìwé, ṣùgbọ́n oṣù kan gbáko ni ó fi ka ẹsẹ Bíbélì yẹn nínú ṣọ́ọ̀bù, tí ó ń kà á fún àwọn rédíétọ̀. Ó dé iwájú ìjọ, ó ka ìlà méjì, ọfun rẹ̀ dí. Ẹkún ni, kì í ṣe àìmọ̀ọ́kà. Kí ó tó gbé itọ́ mì, Jael ti dìde, ó ti gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú gbogbo ẹbí, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín kà á, Bọ̀dá mi, kò lè yá bẹ́ẹ̀." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Túbọ̀sún mọ gbogbo àwọn tí ó rẹ́rìn-ín ní orúkọ. Ó lè ka orúkọ wọn fún ọ lónìí láìwo ìwé.

Ìbínú ẹlòmíràn a máa gbó, a máa fà ya. Ti Túbọ̀sún kì í gbó.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Ó ń gbé hóró aláwọ̀ ewé náà mì láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kò fo ọjọ́ kan. Ara rẹ̀ yá, tàbí ó dà bí ẹni pé ara rẹ̀ yá. Ó ń tọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, Teslim sì sọ fún un pé ìpẹtà ni ó ń jáde. Ojú rẹ̀ nìkan ni kò gbọ́. Awọ funfun kan ti bo ẹyinjú ọ̀tún pátápátá, ti òsì sì ti ń ṣe bí ẹni pé èéfín wà níwájú rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rédíétọ̀, èyí tí ó fi ń mọ ti ọkọ̀ kan yàtọ̀ sí ti òmíràn, ó ti di pé ó ń fi ọwọ́ tọ́ ọ wò bí afọ́jú. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan, ó ta rédíétọ̀ Camry fún ẹni tó ń wá ti Corolla. Ọkùnrin náà padà wá kígbe lé e lórí lójú gbogbo ọjà pé, "Bàbá, bí ẹ ò bá ríran mọ́, ẹ lọ jókòó sílé!"

Ọ̀rọ̀ yẹn bá a níbi tó rọ̀. Bí ojú òsì bá tẹ̀lé ọ̀tún, ọjà ti tán. Ó padà sí ilé ìwòsàn rẹ̀ ní Sùúrùlérè.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú máa ń wá síbẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n ní ó ṣeé ṣe, kò tiẹ̀ le. Ṣùgbọ́n wọn kò ní fi abẹ kan ẹni tí ṣúgà rẹ̀ wà lókè, nítorí ojú náà lè má jinná. Wọ́n fún un ní ọjọ́ tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, wọ́n sì ní kí ó lọ rí Dókítà Abigail, ọmọdébìnrin tó ń tọ́jú àwọn alátọ̀gbẹ, kí ó bá a mú un wálẹ̀.

Dókítà Abigail fi abẹ́rẹ́ gún un ní ìka. Igba ó lé méjìdínláàádọ́rin.

"Bàbá, ó ga o," ó ní. "Ṣé ẹ ń lo oògùn yín?"

"Mò ń lò ó."

"Lójoojúmọ́?"

"Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Mi ò fo ọjọ́ kan rí."

"Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń gbàgbé?"

"Dókítà, bí mo bá gbàgbé orúkọ ara mi, mi ò ní gbàgbé oògùn yẹn."

Òótọ́ pọ́nńbélé ni gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e dé ìdí irin, ì bá fi ẹnu kàn án.

Ọmọdébìnrin náà mi orí. "A jẹ́ pé oògùn yẹn ò ká a mọ́ nìyẹn. A máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì." Ó kọ ọ́ sórí ìwé, wọ́n sì gbé hóró tuntun fún un níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn. "Bí ó bá dín sí igba lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n á ṣe é. Bí ó bá lé, Bàbá, ẹ̀yìn ìlà lẹ máa padà sí o. Ó lè tó oṣù mẹ́rin kó tó tún kàn yín."

Túbọ̀sún jáde, ọ̀rọ̀ náà ń yí kiri lórí rẹ̀ bí fáàńù tí apá rẹ̀ kan ti kán. Oògùn kò ká a mọ́. Báwo ni dókítà ṣe mọ̀ nípa oògùn Teslim? Bóyá wọ́n ti rí ìpẹtà náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ọn nínú díẹ̀: Teslim kò tàn án, ilé ìwòsàn pàápàá mọ oògùn náà. Ó kó àwọn hóró tuntun tí wọ́n gbé fún un sínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn, ó sì kọrí sí ọ̀dọ̀ Teslim.

"Wọ́n ní kí n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì."

"Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀?" Inú Teslim dùn débi pé ó dìde dúró. "Ẹ rí i! Àwọn kan ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jà yìí. Ọ̀gá mi, ẹ fi ààwẹ̀ kún un. Ẹ má jẹ nǹkan kan títí di agogo méjì ọ̀sán. Bí ikùn bá ṣófo, ara á ráyè gbá ìpẹtà ara ẹ̀ jáde."

Ó gba ààwẹ̀. Ó gbé hóró mẹ́rin mì lóòjọ́. Mabel ní mítà kékeré kan nílé tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà. Ó ń gún un ní ìka lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Igba ó lé ọgọ́rin. Igba ó lé mẹ́rìnléláàádọ́rin. Igba ó lé mọ́kànlélọ́gọ́rin.

"Bàbá Ayọ̀kànmí, nǹkan yìí ò sọ̀kalẹ̀ o," Mabel wí. "Ṣé ẹ ń lo oògùn ṣá?"

"Ṣé ìwọ náà ti di dókítà? Mò ń lò ó!"

Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀rù bà á. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ bo ojú òsì, kí ó fi ọ̀tún wo ògiri. Kò rí ògiri. Ìmọ́lẹ̀ lásán ni, bí ìgbà tí ènìyàn bá wà nínú ọ̀rá. Ó ṣí dúrọ́ọ̀. Oògùn kò sá lè ba oògùn jẹ́, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀. Méjì sàn ju ọ̀kan lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti ń gbé hóró tuntun ilé ìwòsàn mì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ó ń gbé ti Teslim mì lé e, ààwẹ̀ rẹ̀ sì dúró bó ṣe wà.

Lọ́jọ́ kejì, mítà sọ pé igba dín mẹ́wàá. Túbọ̀sún pariwo. Ó pe Teslim lórí fóònù, Mabel ń gbọ́ bí ó ti ń yin oògùn rẹ̀. "Ìpẹtà ti ń ṣí o! Ó ti ń ṣí!"

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Sátidé, ó jí, òógùn bò ó bí ẹni tí òjò pa. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní òun fẹ́ lọ sí ọjà, ó wá mú ṣòkòtò, ó ń ki ọwọ́ bọ inú ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kí lẹ ń ṣe?" Mabel bi í láti ẹnu ọ̀nà.

"Ta ló gbé rédíétọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì? Ẹ gbé e kúrò. Ó ń jò."

"Rédíétọ̀ wo? Ìrọ̀rí nìyẹn, Bàbá Ayọ̀kànmí."

Ó wo Mabel. Ó mọ ojú náà, ṣùgbọ́n orúkọ tó ń jẹ́ kò wá. Ó rò ó, ó rò ó. Ó wá bínú sí obìnrin náà pé kí ló dé tí kò sọ orúkọ ara rẹ̀ fún òun.

Mabel kò bá a jiyàn. Nínú ọdún mẹ́fà tí ọkọ rẹ̀ fi ń bínú, òun àti Jael kò yéé pe ara wọn lórí fóònù. Ó pè é. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kò tíì dúró tán nígbà tí Jael bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀, bùbá ilé lọ́rùn, sálúbàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ó mú mítà, ó gún ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó ti wálẹ̀ jù.

"Mabel, ṣúgà! Po ṣúgà fún mi kíá, ṣíbí mẹ́rin nínú omi díẹ̀!"

Nínú gbogbo ohun tó ń fò lọ lórí Túbọ̀sún láàárọ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni ó dúró tí ó yé e. Ṣúgà. Àìsàn tí ó ń jà á láti ọdún mẹ́ta. Òun náà ni àbúrò rẹ̀ ń ní kí wọ́n pò fún un.

"Ẹ gbọ́ o!" ó ké. "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbọ́ o! Ó fẹ́ fi ṣúgà pa mí! Ìwé tó gbà lọ́wọ́ mi ní Iléṣà ò tó o, ó tún fẹ́ gba ẹ̀mí mi!"

"Bọ̀dá mi, ẹ la ẹnu."

"Mi ò la ẹnu. Ṣúgà ló ń ṣe mí, o sì fẹ́ fún mi ní ṣúgà! Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ ẹ nílé ìwé?"

Ó di eyín pọ̀. Jael ti ife náà sí i lẹ́nu, omi náà ṣàn sí i lágbọ̀n, kò wọlé. Jael tó ti fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn lóògùn tún gbìyànjú, omi náà tún dànù. Mabel gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ayọ̀kànmí. Oògùn ni."

Túbọ̀sún yí ojú sí i. "Oògùn?"

"Oògùn ni."

"Oògùn wo?"

"Ti ìpẹtà. Teslim ló ní kí n pò ó báyìí."

Ó la ẹnu. Ó mu ún tán, ó lá ètè, ó na ife náà padà. "Ti tuntun yìí dùn ju tàtijọ́ lọ," ó ní. "Bu òmíràn sí i."

Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí ojú rẹ̀ walẹ̀. Ó rí ìrọ̀rí bí ìrọ̀rí. Ó rántí orúkọ Mabel. Ó sì rí i pé Jael ló jókòó sórí àpótí níwájú òun, nínú ilé òun, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà.

"Mo ṣì ń bínú sí ẹ o," ó ní.

"Mo mọ̀, Bọ̀dá mi. Ẹ jẹ ẹ̀wà yìí tán ná, kí ẹ tó máa bá a lọ."

Ó jẹ ẹ́. Jael wá béèrè ohun tí ó gbé mì láàárọ̀. Ó ní oògùn. Oògùn wo? Oògùn. Jael ní kí wọ́n kó o wá. Nígbà tí Mabel ṣí dúrọ́ọ̀ náà, páálí oògùn oṣù mẹ́ta wà níbẹ̀ tí wọn kò tíì já, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí bíríkì. Lórí wọn ni ti tuntun wà tí ó ti já, àti ike Teslim. Jael wò wọ́n títí. Ó mú ike náà, ó mú un sún mọ́ ojú, ó mú un jìnnà.

"Májèlé ha ni bí?" Túbọ̀sún bi í.

"Rárá. Ohun tó wà nínú ẹ̀ wà nínú ẹ̀fọ́, ó wà nínú ọsàn. Kò kàn lè mú ṣúgà yín wálẹ̀ ni."

"Irọ́ ni pé ara ń dípẹtà nígbà náà."

Jael gbé ike náà sílẹ̀. "Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ó fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀. Teslim ò purọ́ níbẹ̀."

"Ó sọ òótọ́, oògùn ẹ̀ ò sì ṣiṣẹ́?"

"Kì í ṣe pé kò ṣiṣẹ́... Bọ̀dá mi, rédíétọ̀ tó ti jò, ṣé oògùn ìpẹtà lẹ máa fi lẹ̀ ẹ́?"

"Ó dá lórí ibi tó ti jò," Túbọ̀sún dáhùn.

Ohun tó yé e kò pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí Jael sọ kẹ́yìn kí ó tó lọ yé e. Dókítà rò pé oògùn ìṣáájú ni kò ṣiṣẹ́, nítorí náà ni ó ṣe sọ ọ́ di ìlọ́po méjì fún ẹni tí kò tíì lo ẹyọ kan nínú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ìyẹn, pẹ̀lú ikùn òfìfo, ni ó gbé e ṣubú. Bí kò bá sọ, wọ́n á máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, ó sì lè ṣubú lórí tábìlì abẹ. Bí ó bá sọ, wọ́n lè yẹ ọjọ́ náà sẹ́yìn.

Ọjọ́ méjì ni ó fi ń rò ó. Kì í ṣe iṣẹ́ abẹ nìkan. Láti jókòó níwájú ọmọdébìnrin tí ó lè bí, kí ó sọ pé òun kò mọ oògùn yàtọ̀ sí oògùn! Ó rí ojú àwọn tí ó rẹ́rìn-ín ní Iléṣà. Ó tún bo ojú òsì, ó wo ògiri. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó ní kí Mabel jẹ́ kí àwọn lọ. Ó kìlọ̀ fún un pé Jael kò gbọ́dọ̀ tẹ̀lé àwọn.

Ó da ọ̀rá náà sórí tábìlì Dókítà Abigail. Ọmọdébìnrin náà wo páálí tí a kò já, ó wo Túbọ̀sún.

"Ṣùgbọ́n mo bi yín, Bàbá."

"Ẹ bi mí bóyá mò ń lo oògùn. Mò ń lo oògùn."

"Oògùn tí a kọ fún yín níbí ni mò ń wí."

"Ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀."

Dókítà náà kó àwọn páálí náà jọ. "Òótọ́ ni," ó ní. "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

Mabel sún nídìí àga. Túbọ̀sún ti múra ìjà sílẹ̀. Nígbà tí kò rí ẹni bá jà, kò mọ ohun tí ó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó gbé ike Teslim. "Èyí wá ńkọ́? Bí kì í bá ṣe oògùn, kí là ń pè é?"

"Àfikún oúnjẹ ni."

"Oúnjẹ tí kì í yóni."

"Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀ ná. Ẹ jẹ oúnjẹ àárọ̀, ẹ má gbààwẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀ la máa padà sí, kì í ṣe ìlọ́po méjì. Mi ò ní lè kọ̀wé fún iṣẹ́ abẹ Ọjọ́bọ̀ yìí." Ó rí bí ojú rẹ̀ ṣe rọ̀. "Ṣùgbọ́n mi ò ní dá yín padà sẹ́yìn ìlà. Ẹ fún mi ní oṣù kan."

Oṣù kan. Ó gbà á bí ẹni gba ẹrù tó wúwo. Ní ọjọ́ kejì, ó dá ike kan tí kò tíì ṣí padà fún Teslim. Ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un, Teslim sì wolẹ̀ sórí àga bí ẹni tí wọ́n já eegun rẹ̀.

"Ọ̀gá mi, mi ò fẹ́ pa yín."

"Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ pa mí."

"Ṣé kí n dáwọ́ tèmi náà dúró ni?"

"Ìwọ ò ní ṣúgà."

"Bóyá torí pé mò ń lò ó ni mi ò ṣe ní in."

Túbọ̀sún padà sí ìdí rédíétọ̀ rẹ̀, ó ń wá èsì sí ọ̀rọ̀ yìí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Oṣù kan náà pé. Ó jẹ oúnjẹ àárọ̀, ó gbé hóró funfun mì, kò gbààwẹ̀. Mítà ń sọ nọ́ńbà tirẹ̀: igba ó lé mẹ́fà, ọgọ́sàn-án, igba ó lé kan, ọgọ́jọ. Lọ́jọ́ tó bá sọ̀kalẹ̀, kò mọ ohun tó ṣe. Lọ́jọ́ tó bá gòkè, kò mọ ohun tó ṣe. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ní ilé ìwòsàn, wọ́n gún un. Àádọ́jọ dín méjì.

"Ó ti wọlé, Bàbá," Dókítà Abigail wí, ó sì bu ọwọ́ lu ìwé iṣẹ́ abẹ náà.

Mabel wọlé wá sọ̀rọ̀ sí i létí pé Jael wà níta, pé láti agogo mẹ́fà ló ti wà lórí bẹ́ǹṣì.

"Kó jókòó," Túbọ̀sún dáhùn. "Mi ò lé e. Mi ò sì ní kó wọlé."

Wọ́n wọ aṣọ aláwọ̀ ewé fún un, wọ́n fi bírò fa ìlà sókè ojú ọ̀tún kí ọwọ́ má baà ṣì í. Nọ́ọ̀sì kan dé pẹ̀lú ìgò kékeré kan, ó ní kí ó gbé orí sẹ́yìn.

"Kí nìyẹn?"

"Oògùn ni, Bàbá."

"Oògùn wo?"

"Ti ojú."

"Mo mọ̀ pé ojú lo fẹ́ kán an sí. Kí ló ń ṣe?"

"Ó máa la ọmọlójú yín sílẹ̀ gbàgàdà, kí wọ́n lè ríbi ṣiṣẹ́."

"Ṣé Dókítà ló kọ ọ́?"

"Òun ni."

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, ó sì pe orúkọ náà. Ó gùn, ó tẹ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́, ó dún bí orúkọ ìlú òkèèrè kan. Túbọ̀sún ní kí ó tún un pè. Ó tún un pè. Túbọ̀sún fẹnu ara rẹ̀ pè é, kò jọ ọ́. Ó tún un gbìyànjú, ó wá burú sí i. Kò yé e rárá.

Ó gbé orí sẹ́yìn, ó fi ìka méjì la ojú náà fúnra rẹ̀, ó ní kí wọ́n kán an sí i.